Èsì: «Ayárabíàṣá àlòkú»: ta ló kú?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ̀wé lánàá pé kí a máa pe kọ̀ǹpútà ilé ti àwọn ọdún 1980, irú Commodore 64 àti ZX Spectrum tí àwọn kan ṣì ń wá rà, ní «ayárabíàṣá àlòkú». Wọ́n ní ohun tí a lò títí tó fi kú ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èyí ò ṣe é gbé mì.

Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí «kù» yẹn. A lò ó, ó kù. Ẹ lọ sí Alaba, kò sí oníṣòwò tó máa ní òkú lòun ń tà. Ẹ fi àmì òkè lé e, ẹ sọ ọjà di pósí. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ tiẹ̀ dá ohùn rẹ̀ padà, kò tíì bá a mu. Ọwọ́ tí nǹkan ti kọjá ni àlòkù ń sọ, kì í sọ ọjọ́ orí. Fóònù èṣí tí wọ́n tún tà lónìí, àlòkù ni. Spectrum tí wọ́n tò ní Dundee, tí bàbá kan fi £125 rà ní 1982, tó ṣì wà lọ́wọ́ bàbá náà dòní, ta ló lò ó kù fún un?

Ta ló tiẹ̀ ní ó kú? Ẹ tan Commodore 64. Kí ẹ tó mí kanlẹ̀, ojú búlúù ti yọ, READY ti wà níbẹ̀, àṣẹ yín ló ń retí. Kò ní bèèrè páásíwọ́ọ̀dù, kò sì ní kí ẹ ní sùúrù kóun tún ara òun ṣe. Mémórì rẹ̀ ò ju 64 kílóbáìtì lọ, ẹnì kan ṣoṣo lè mọ̀ ọ́n tinú tòde. Ohun tó ń fa àwọn tó ń rà á nìyẹn. Ta ni nínú wa ló lè sọ ohun tí fóònù àpò rẹ̀ ń ṣe báyìí? Àwọn olórin ní tiwọn, SID ni wọ́n ń wá, ṣípù tó ń kọrin nínú Commodore 64, èyí tí Bob Yannes ṣe. Ohùn mẹ́ta péré ló ní, àmọ́ ẹ gbé SID méjì tó jẹ́ irú 6581 síra, kí wọ́n kọ orin kan náà, ó lè má dọ́gba létí.

«Ayárabíàṣá» ńkọ́? Lórí Spectrum, ẹ tẹ J, odidi LOAD, àṣẹ pé kó gbé eré wọlé láti orí kásẹ́ẹ̀tì, á yọ. Ẹ tẹ kásẹ́ẹ̀tì, á bẹ̀rẹ̀ sí í han, ìlà búlúù òun yẹ́lò á máa sáré létí ojú tẹlifíṣọ̀n, eré kan lè gba bí ìṣẹ́jú 5 kó tó wọlé tán. Irú àṣá wo nìyẹn, èyí tí wọ́n so lẹ́sẹ̀? Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kọ̀ǹpútà tó wa. Àwọn ọ̀dọ́ kan bú mi níbí nígbà náà. Mi ò tíì gbàgbé o.

Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ni mo fara mọ́. Ẹnì kan ní olè nìkan là ń pè bẹ́ẹ̀. Ògbólógbòó ọdẹ ńkọ́? «Gbó» inú rẹ̀ ló wù mí: ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́, òun náà ni aṣọ ń gbó. Méjèèjì ló bá àwọn ẹ̀rọ yìí. Ike wọn ń pọ́n, kapásítọ̀ wọn ń jò. Páwà Commodore àtijọ́ tó bá ti ń ṣe ségesège lè tú iná àpọ̀jù sínú ẹ̀rọ, kó jó mémórì, ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbọ́n fi ń kọ́kọ́ wá páwà tuntun. Síbẹ̀ àwọn tó ń rà wọ́n ò jáwọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà… ẹ parí rẹ̀ fúnra yín.

Bàbá mi tún rédíò ṣe n'Íbàdàn títí wọ́n fi darúgbó. Wọn ò pe rédíò ní òkú rí. «Ó dákẹ́» ni wọ́n máa ń wí. Kẹ́nikẹ́ni má sì wá sọ fún mi pé dákẹ́ náà ikú ni, mo mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ «àlòkú» náà lẹ ṣì dúró lé, ìbéèrè kan ni mo ní: àjẹkù ńkọ́? Ṣé ẹni tó jẹ ẹ́ ló kú ni, àbí ẹ̀bà?