Ká fọ́ yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù àbí ká fi sílẹ̀ fáwọn ayálégbé? (Àkúrẹ́)

ỌmọỌ̀dàRoad:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé bàbá wa wà lójú títì Ọ̀dà, yàrá mẹ́jọ, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976 táwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ya wọ̀lú tí wọn ò ríbi sùn ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó wá ní káwọn ayálégbé iwájú kó jáde, ká wó yàrá méjèèjì, ká fa búlọ́ọ̀kù jáde dé etí gọ́tà, ká fi ṣe ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Wọ́n ní owó ṣọ́ọ̀bù kan ju ti yàrá méjì lọ, irọ́ kọ́. Àmọ́ tíṣà tó wà nínú yàrá kan ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀, àti pé láti ilé wa dé jọ́ńṣọ̀n gbogbo fèrèsé ló ti di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá ń wá yàrá báyìí, ìta ìlú ni ẹ̀jẹ́ǹtì máa mú un lọ. Ṣé kò yẹ kí ìlú fẹnu kò pé títì báyìí ni ti ọjà, àdúgbò báyìí ni ti ilé gbígbé ni?

ÌyáÌbejì_Ìsìkàn:
Àbúrò, mo ti fojú mi rí èyí. Nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù, ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi téèyàn kún inú ẹ̀ bámúbámú, alẹ́ ni mo máa ń tajà jù, ẹni ń ra gààrí kọ́ńgò kan, ẹni ń ra epo, ọmọ kan á sáré wá ra Maggi nígbà tí ọbẹ̀ ti wà lórí iná. Onílé yẹn náà fọ́ tiẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá. Àṣé àwọn oníbàárà mi ló lé lọ! Mẹ́fà nínú mẹ́wàá yẹn, àgádágodo ló wà lẹ́nu wọn dòní, àwọn mẹ́rin tó kù ń ta pure water fún ara wọn. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà ńlá ti mọ̀nà Ọjà Ọba níwájú ààfin, kò sẹ́ni tó máa wọkọ̀ wá sọ́dọ̀ mi torí gààrí.

Stúdẹ́ǹtì_tẹ́lẹ̀:
Mà, mi ò gbà tán o. Lọ́nà Ọ̀wọ̀ níbi témi ń gbé, ilé nìkan ló wà, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ́, ó parọ́rọ́, àmọ́ tíyọ̀ bá tán lálẹ́, owó ọ̀kadà ju owó iyọ̀ lọ 😂. Ẹ lọ wo ẹ̀bá géètì FUTA, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, stúdẹ́ǹtì lókè, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kì í ṣe pé ká pín ìlú sí méjì.

Onípíláànù:
Ẹ jẹ́ n sọ ti òfin díẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Òfin ètò ìlú ti wà tipẹ́, kódà wọ́n ṣe ọ̀kan láyé ológun ní 1992, Decree 88. Tó bá jẹ́ ilé gbígbé ni wọ́n buwọ́ lù fún yín, ẹ ò lè kàn jí lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa padà lọ gba àṣẹ (mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín, ta ló ń gbà á?). Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni etí gọ́tà tí ẹ̀gbọ́n yín ń wí yẹn. Àyè tó wà láàárín ilé àti títì kì í ṣe ti búlọ́ọ̀kù, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fẹ títì, ọ̀dà pupa ni wọ́n máa fi kọ X sí i lára, ẹ má sì retí owó gbà-máà-bínú lórí ẹ̀. Tíṣà yẹn ńkọ́, tó bá jẹ́ ọdọọdún ló ń sanwó tí ẹ ò jọ ní àdéhùn míì, nótíìsì oṣù mẹ́fà ni tiẹ̀, ẹ má lọ gbé ẹrù ẹ̀ síta o.

ỌmọỌ̀dàRoad:
Ẹ ṣé gan-an. Tá a bá wá fi ìsàlẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù méjì péré, láìkọjá ògiri wa, ká gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, kí tíṣà gòkè ńkọ́?

Onípíláànù:
Ògiri kí ni? Tó bá jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni, ẹ má dán an wò.

ỌmọỌ̀dàRoad:
Amọ̀ ni 😩. Ẹ̀gbọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè, wọ́n ní bíríkìlà ń bọ̀ ní Sátidé.

ÌyáÌbejì_Ìsìkàn:
Ní kí bíríkìlà kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi, kí n fi àgádágodo mẹ́fà hàn án.