Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: London la bí ọmọ mi sí, ṣé kó gbá gọ́ọ̀fù fún Nàìjíríà àbí kó dúró de England?

Ìyá Tóbi, Alágbàká:
Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tìtorí pé ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù ni kẹ́ ẹ sáré kọjá, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. London la bí ọmọ mi obìnrin sí, bàbá ẹ̀ ti ní ìwé ìgbélùú tí ò ní gbèdéke nígbà yẹn, torí náà ó ní pásípọ́ọ̀tù Britain, ó sì ní ti Nàìjíríà. Kò tíì pé ọmọ ọdún méje tá a fi kó wálé sí Àkúrẹ́. Bàbá ẹ̀ ló mú un lọ sí Smokin Hills, pápá gọ́ọ̀fù tó wà ní Ilará-Mọ̀kín, látìgbà yẹn ọmọ ò tún fẹ́ ṣe nǹkan míì mọ́, tí kò bá sí ní iléèwé ẹ lọ wò ó níbẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni báyìí, hándíkáàpù ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe mọ gọ́ọ̀fù gbá tó, ti wálẹ̀ gan-an (bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó), àwọn àgbà tó ń bá gbá náà ń yìn ín.

Wọ́n wá pè wá pé kó wá sí ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mú àwọn tó máa gbá fún Nàìjíríà nílẹ̀ òkèèrè. Inú mi dùn, mo sunkún ayọ̀. Àfi bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tí wọ́n wà ní England ṣe pè, wọ́n ní ká má dán an wò, pé tó bá ti wọ aṣọ Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní lè gbá fún England mọ́ títí láé, tíìmù Europe tó ń bá Amẹ́ríkà gbá náà ti kúrò ńbẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi ti ń fà sẹ́yìn báyìí. Ọmọ ò sì sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé. Ta ló mọ òfin ẹ̀ gan-an?

Ọmọ Ìdànrè:
Ẹ jẹ́ kó lọ mà! Nàìjíríà ló ránṣẹ́ pè é, England ò tiẹ̀ tíì mọ̀ ọ́n rí. Èmi ò rí ohun tẹ́ ẹ ń rò.

Lọ́yà Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ jẹ́ ká mú ti ilé wa ná. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 25, ó ní ẹni tí wọ́n bí sẹ́yìn odi tí bàbá ẹ̀ tàbí ìyá ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Abala 28 ló ń gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ ẹni tó bá lọ gba ti ìlú míì, ṣùgbọ́n kò kan ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú látìgbà ìbí. Ti Britain náà, látọdún 1983 ni bíbí nìkan ò ti tó mọ́ níbẹ̀, ọ̀kan nínú òbí gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọmọ ìlú wọn àbí kó ní irú ìwé tẹ́ ẹ ní bàbá ẹ̀ ní yẹn. Nítorí náà kò sí wàhálà kankan lórí pásípọ́ọ̀tù méjèèjì.

Ó ku ti eré. Nínú ìwé òfin Òlíńpíìkì, rúùlù 41 ló sọ ọ́. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìlú méjì, ó lè yan èyí tó bá wù ú. Tó bá ti wá ṣojú fún ọ̀kan, ì báà jẹ́ ní Òlíńpíìkì, ì báà jẹ́ nínú ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, àbí ìdíje àgbáyé tí àjọ tó ń bójú tó eré yẹn fọwọ́ sí, tó bá fẹ́ bọ́ sí ìkejì, ó máa dúró fún ọdún mẹ́ta látìgbà tó ṣojú fún ti àkọ́kọ́ kẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta ni o, kì í ṣe títí láé. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì tiẹ̀ lè dín in kù tí àwọn àjọ tọ́rọ̀ kàn bá fọwọ́ sí i. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pè é sí yìí kì í sì í ṣe ìdíje, kò lè dí i lọ́wọ́ nǹkan kan.

Bàbá Ìjàpọ̀:
Lọ́yà kú iṣẹ́. Èmi ti ń wo gọ́ọ̀fù ọjọ́ ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí kí ọkàn bàbá ọmọ lè balẹ̀. Rory Sabbatini, ọmọ South Africa paraku, òun àti Trevor Immelman ló gba World Cup gọ́ọ̀fù fún South Africa ní 2003, ó tún wà nínú tíìmù àgbáyé tó bá Amẹ́ríkà gbá ní Presidents Cup 2007. Ìyàwó ẹ̀ wá jẹ́ ọmọ Slovakia, ló bá gba ìwé ọmọ ìlú ìyàwó ẹ̀, nígbà tí wọ́n dé Tokyo fún Òlíńpíìkì, aṣọ Slovakia ló wọ̀, ọjọ́ tó kẹ́yìn ìgbá 61 péré ló fi parí (bí ìgbá bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó), ó sì gba fàdákà. Ẹni tó ti dàgbà tó ti gba ife ẹ̀yẹ fún ìlú kan rèé o! Lydia Ko ńkọ́, Seoul ní South Korea ni wọ́n bí i sí, New Zealand ló dàgbà sí, New Zealand náà ló gbá fún tó fi gba fàdákà ní 2016, bàbà ní Tokyo, wúrà ní Paris 2024. Justin Rose náà, Johannesburg ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí ẹ̀ gbé e lọ sí England lọ́mọdé, òun ló gba wúrà fún Britain ní 2016, ó sì ti wọ aṣọ Europe léraléra ní Ryder Cup, ìdíje tí ọkùnrin Europe fi ń bá ti Amẹ́ríkà gbá.

Ẹ tún gbọ́ ti Rory McIlroy. Northern Ireland ni wọ́n ti bí i, abẹ́ ọba Britain nìyẹn, àmọ́ ní gọ́ọ̀fù gbogbo erékùṣù Ireland, àríwá àti gúúsù, abẹ́ àjọ kan náà ni wọ́n wà látọdún 1891. Ọmọkùnrin yìí gbá Walker Cup 2007, ìdíje àwọn tí kì í gbá fówó, fún Britain pẹ̀lú Ireland, ó ń gbá Ryder Cup fún Europe látọdún 2010, tó bá di Òlíńpíìkì Ireland ló ń gbá fún. Ó sọ ọ́ fáráyé gbọ́ pé ọ̀rọ̀ yíyàn yẹn mú òun lọ́kàn gan-an. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé kẹ́ ẹ má kàn wo òfin, ẹ bi ọmọ náà léèrè ibi tọ́kàn ẹ̀ wà.

Ìyá Tóbi, Alágbàká:
Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín náà. Mo ti ka ti Lọ́yà sétí ọkọ mi. Wọ́n ní tíìmù Europe yẹn ńkọ́? Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n wọn tẹnu mọ́ jù.

Kóòṣì Ilará:
Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìdíje tíìmù ò jọra, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu ọ̀nà tiẹ̀. Ti àwọn obìnrin tó ń gbá fówó, Europe pẹ̀lú Amẹ́ríkà, Solheim Cup ni wọ́n ń pè é, 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ti ọkùnrin ni Ryder Cup, 1927 nìyẹn. Ryder Cup yẹn le koko nígbà kan. Wọ́n ní àfi ẹni tí wọ́n bí sí ìlú tó ń gbá fún, tó sì ń gbé níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi yọ Percy Alliss àti Aubrey Boomer sílẹ̀ ní 1931, torí òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ó wá di 1979 kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún ará Europe tí kì í ṣe ará Britain àbí Ireland, Seve Ballesteros àti Antonio Garrido ló kọ́kọ́ wọlé láti Spain. Gary Player ọmọ South Africa, gbogbo bó ṣe gbá tó, kò gbá Ryder Cup rí láyé ẹ̀, kò sáyè fún ọmọ Áfíríkà níbẹ̀. Presidents Cup tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1994 ló wà fún àwọn tí kì í ṣe ará Europe, Amẹ́ríkà ni wọ́n ń bá gbá, ọkùnrin nìkan ló sì wà fún.

Torí náà òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín sọ. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan ò lè gbé e dé Solheim, ti Britain ló lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀, ó ti di ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù fówó, ó ti ń gbá pẹ̀lú àwọn ọ̀gá Europe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ yín ṣì jẹ́ amatọ̀, ìyẹn ẹni tí kì í gbá fówó. Ohun tó máa gbé e débẹ̀ ni kó rí ìdíje gidi gbá báyìí, ta ló sì fẹ́ fún un ní ìdíje yẹn yàtọ̀ sí Nàìjíríà tó ránṣẹ́ pè é? Tó bá jókòó sí Àkúrẹ́ tó ń dúró de England, ẹ má bínú mà, ta ló máa rí i?

Aúntì Leeds:
Ẹ má tíì parí ẹ̀ o. Ọmọ Òǹdó lèmi náà, mo sì fẹ́ràn ilé, àmọ́ mo ti ń gbé níbí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ń gbá fún England. Nàìjíríà lè pe ọmọ kó má sì sí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè dáadáa ta ló máa sanwó kẹ́ ẹ tó gbà.

Bàbá Ìjàpọ̀:
Aúntì, òótọ́ lẹ sọ lórí owó, ó yẹ kí wọ́n béèrè. Àmọ́ èrò pọ̀ ní ìlà yẹn náà. Gọ́ọ̀fù Òlíńpíìkì, 60 obìnrin péré ló ń gbá a, ẹni méjì-méjì ni ìlú kan lè mú wá, àfi tí àwọn tiwọn bá wà nínú 15 àkọ́kọ́ lágbàáyé ni wọ́n tó lè dé mẹ́rin. Ká ní o jẹ́ ọmọ Britain, gbogbo obìnrin England, Scotland àti Wales lẹ jọ ń du ààyè yẹn. Níbí ńkọ́? Georgia Oboh ti fi orúkọ Nàìjíríà wọ ìdíje àwọn obìnrin Europe, aṣọ Nàìjíríà ò dí i lọ́nà.

Kóòṣì Ilará:
Nǹkan kan tí àwọn òbí kì í rántí: owó. Amatọ̀ ni wọ́n ń mú lọ sí ìdíje àwọn amatọ̀. Tó bá gba owó tàbí ẹ̀bùn tó ju 700 pọ́n-ùn lọ níbi ìdíje kan, ó lè sọ ipò amatọ̀ nù. Tí olóṣèlú kan bá ní òun fẹ́ fi ọkọ̀ ta á lọ́rẹ torí pé ó gbégbá orókè níbì kan, kí inú yín má tíì dùn, ẹ kọ́kọ́ pè wá.

Ìyá Tóbi, Alágbàká:
Ọkọ mi ti gbà. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n sọ ti ọdún mẹ́ta fún wọn, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣàdúrà fún ọmọ. Mo bi ọmọ náà fúnra ẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, Nàìjíríà ni mo fẹ́ gbá fún." Kí ló yẹ ká kó dání?

Lọ́yà Ọ̀bà-Ilé:
Kí wọ́n fi lẹ́tà pè é, kí ó wà lórí ìwé ẹni tó máa sanwó tíkẹ́ẹ̀tì àti ilé, kí wọ́n sì dárúkọ ìdíje tí wọ́n fẹ́ mú un lọ, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó wà lára èyí tí wọ́n ń ka ọdún mẹ́ta sí. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ìbí ẹ̀ àti ti pásípọ́ọ̀tù méjèèjì. Kò tíì pé 18, ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ lẹ máa kọ ìwé àṣẹ. Ẹ wo ìgbà tí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ẹ̀ máa parí, tó bá ku díẹ̀, ẹ tètè lọ sí ọ́fíìsì Immigration ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fẹ́ kó ku oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀.

Ìyá Tóbi, Alágbàká:
Ọdún tó ń bọ̀ ló máa parí. A máa lọ lọ́jọ́ Ajé.