Fíìmù Brazil ọdún 1962: ẹ̀jẹ́ Ọya lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì

Òǹwòran: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo O Pagador de Promessas, kí ni Yorùbá á rí níbẹ̀ tí ẹlòmíì ò ní rí?

Àdùkẹ́: "Iansã" yẹn. Ìyá Mẹ́sàn-án ni, Ọya fúnra rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Zé, àgbẹ̀ tí fíìmù náà dá lé lórí, ló fara pa, ó bá lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ nílé òrìṣà: bí ẹran náà bá yè, òun á ru àgbélébùú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Bárbara, ẹni mímọ́ Kátólíìkì tí wọ́n kà sí Ọya, ní Salvador, ìlú kan ní Bahia. Fádà gbọ́ "Iansã", ó tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Baba Kékeré: Ṣàngó ni Santa Bárbara. Ẹ bi àwọn ará Kúbà.

Àdùkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, Kúbà nìyẹn. Ní Bahia, Ọya ni. Wọ́n ní bàbá Bárbara ló bẹ́ ẹ lórí, tí àrá sì pa bàbá náà. Kúbà wo àrá, idà àti aṣọ pupa, wọ́n ní Ṣàngó. Bahia ní obìnrin kọ́ nìyí?

Baba Kékeré: Tọkọtaya ṣáà ni wọ́n. Ó tán.

Alákàrà: Ẹ ò sọ ti alákàrà orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì inú fíìmù náà! Òun ló ní kí Zé kúkú gbé àgbélébùú lọ sílé òrìṣà.

Dékọ́lá: Ṣé epo pupa ni wọ́n fi ń dín acarajé, àkàrà Bahia, lóòótọ́?

Alákàrà: Epo pupa ni. Ẹ̀wà bíbó, àlùbọ́sà, iyọ̀. Wọ́n á lù ú títí á fi wú. Bí epo ò bá gbóná tó, á fa epo mu, á sì wúwo. Tó bá jinná, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á ki vatapá (ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé àti epo pupa sè) àti edé gbígbẹ sí i. Ata wà lọ́tọ̀.

Dékọ́lá: Ata lọ́tọ̀? Àkàrà wo nìyẹn!

Àjàlá: Ẹ padà sórí fíìmù, ẹ jọ̀ọ́. Anselmo Duarte ló darí rẹ̀, láti inú eré orí ìtàgé Dias Gomes, ó sì gba Palme d'Or, ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes. Bẹ́ ẹ bá dé Salvador, ẹ má wá Santa Bárbara lórí àtẹ̀gùn yẹn o. Ṣọ́ọ̀ṣì Santíssimo Sacramento do Passo ni wọ́n lò. Antonio Pitanga tó ń ta capoeira (ìjà oníjó àwọn ọmọ Áfíríkà ní Brazil) níbẹ̀ náà ló wà nínú Barravento, fíìmù Glauber Rocha nípa àwọn apẹja àti Yemọja.

Baba Kékeré: Barravento tó ń bú òrìṣà?

Àjàlá: Ó bú u, àmọ́ ẹ gbọ́ ìlù rẹ̀ ná.

Dékọ́lá: Fádà wá ṣílẹ̀kùn?

Àdùkẹ́: Rárá. Ìbọn pa Zé. Àwọn èèyàn tẹ́ òkú rẹ̀ sórí àgbélébùú, wọ́n fi já ilẹ̀kùn wọlé.

Dékọ́lá: Ẹ ti bà á jẹ́ fún wa!

Àdùkẹ́: Láti 1962!