Ẹ gbà mí o, ẹ̀gbọ́n kan ò jẹ́ kí n gbádùn ọkọ̀ mi

Bàbá Korede: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti Sátidé, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi torí òun ló ní kí n má ra ọkọ̀ yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Gosport ní England ni mò ń gbé, ọkọ̀ onígbòkun ni mo ní, Westerly Centaur, ẹsẹ̀ bàtà 26, ọdún 1974 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ á mọ̀ pé Centaur kì í ṣe ọkọ̀ yẹpẹrẹ, wọ́n ṣe é lé ní 2,000, kíìlì méjì ló ní nísàlẹ̀, ìyẹn irin wúwo tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé, bí omi bá fà tán á kàn dúró lórí ẹrẹ̀ bí àga. Owó iṣẹ́ òru ọdún méjì ni mo kó jọ tí mo fi rà á.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní marínà yìí, ibi tí a ń so ọkọ̀ mọ́, èmi àti ẹ̀ nìkan ni Yorùbá tó ní ọkọ̀ níbẹ̀, ó yẹ ká jẹ́ ọ̀rẹ́. Ọkọ̀ Jámánì ni tiẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 36, ó ní fíríìjì, ó ní tẹlifíṣọ̀n, ó ní ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Látìgbà tó ti gbé e dé ni ò ti jẹ́ kí n rímú mí, bó bá ti rí mi á ní "Àbúrò, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ẹ yẹn ò dáa o", lójú àwọn òyìnbó! Sátidé tó kọjá a pàdé níbi ìkómọ kan ní Peckham, mo ń jẹ ìrẹsì jẹ́ẹ́jẹ́ mi (ìrẹsì ọ̀hún ò tiẹ̀ jinná dáadáa) ló bá tún bẹ̀rẹ̀, níwájú àwọn àna mi, ó ní kí n gbé ọkọ̀ mi kúrò lómi, pé kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé ọmọ sí. Inú bí mi, mo ní ká pàdé ní Cowes lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, ká ta ìgbòkun létí erékùṣù Isle of Wight títí dé Yarmouth, ẹni tó bá kẹ́yìn á ra ewúrẹ́ fún ẹgbẹ́. Ó ní òun ò ṣe. Ẹ ò rí i pé ojo ni? Mo ní dandan ni kó wá.

Ohun tí mò ń bèèrè ni pé irú ìgbòkun wo ni kí n rà tí màá fi borí ẹ̀? £400 ló wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá Tolú: £400 fún aṣọ ọkọ̀! Ìyàwó ẹ ò sì gbọ́. Ẹ̀gbọ́n tó ń pè ẹ́ ní àbúrò lo wá ń "ó, ó" bọ̀ láti òkè délẹ̀. Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?

Atukọ̀ Hamble: Ọ̀gá, ìgbòkun kọ́. Bí ọkọ̀ ṣe gùn tó níbi tí omi dé lára ẹ̀ ló ń sọ eré tó lè sá. Centaur ò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá nọ́ọ̀tì mẹ́fà (máìlì orí òkun mẹ́fà ní wákàtí kan), ẹsẹ̀ bàtà 36 á lé ní méje láìlàágùn. Ìgbà wo lo gbé e sókè gbẹ̀yìn? Wáyà tó di òpó mú ńkọ́, ọdún mélòó ló ti lò?

Ọmọ Ayétòrò: Ẹ rán mi létí bàbá mi, wọ́n ń kan ọkọ̀ nílé wa. Kí wọ́n tó gbowó ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n á sọ ọ́ sómi mọ́jú, láàárọ̀ wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á wọ inú ẹ̀, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tó bá tutù. Lọ́jọ́ kan wọ́n rí ibì kan tí ò tóbi ju kọ́bọ̀ lọ, wọ́n dá owó olówó padà, gààrí la jẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo bínú sí wọn gan-an nígbà yẹn.

Bàbá Korede: Wáyà dáa, ẹni tó tà á fún mi sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Tolú, ẹ̀gbọ́n tó bá ń bú èèyàn láàárín àna, kí la fẹ́ máa pè é? Ẹ sọ̀rọ̀ ìgbòkun.

Bàbá Ìbejì: Oníkíìlì méjì kì í lè kọjú sí atẹ́gùn bíi ti oníkíìlì kan. Yóò máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni.

Atukọ̀ Hamble: Ta ló bi yín nìyẹn? Oníkíìlì méjì ni mo fi kọ́ṣẹ́, mo sì gbé e dé Cherbourg nílẹ̀ Faransé.

Bàbá Ìbejì: Ọjọ́ mélòó lo fi dé ọ̀hún?

Atukọ̀ Hamble: Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Bàbá Korede, o ò tíì dá mi lóhùn. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń sọ, kí ni wọ́n rí níbẹ̀ gan-an?

Bàbá Korede: Kò tó nǹkan. Lọ́dún tó kọjá ọkọ̀ fìdí sọlẹ̀ lórí Bramble Bank, òkìtì iyanrìn tó wà láàárín omi níbí, omi ń fà, ìgbì ọkọ̀ ńlá tó ń kọjá ń gbé e sókè ó ń là á mọ́lẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Nígbà tí mo gbé e sókè ní April láti kùn ún, ilà tín-ín-rín kan wà níbi tí kíìlì ọ̀tún ti so mọ́ ikùn ọkọ̀, kò gùn ju ìka mi lọ. Ẹ̀gbọ́n yìí ló fi ẹnu súkúdíráfà tọ́ ọ, omi pupa bí ìpẹtà ń sun níbẹ̀. Mo fi àtè dí i, mo kùn ún, ó ti dán. Omi díẹ̀ ni mò ń bá nínú ìdí ọkọ̀ láàárọ̀, bíi ike kan. Òjò ni.

Atukọ̀ Hamble: Wákàtí kan lórí Bramble! O wá fi ọ̀dà bò ó! Ọ̀gbẹ́ni, omi pupa yẹn, irin bóòtì tó di kíìlì mú ló ń jẹrà. Lọ́dún 2014 kíìlì ọkọ̀ Cheeki Rafiki já láàárín òkun Atlantic, èèyàn mẹ́rin ló bá a lọ. Àwọn tó wádìí ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bó ṣe ti ń fìdí sọlẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè wà lára ohun tó sọ ibẹ̀ di aláìlágbára. Ojú ọ̀nà Yarmouth yẹn, bí omi àti atẹ́gùn bá kọjú síra wọn, gbígbá ló máa ń gbá ọkọ̀. Lọ tọ́ omi inú ìdí ọkọ̀ ẹ wò. Òjò ò níyọ̀.

Ìyá Tolú: Wọ́n ní kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé ọmọ sí. Ọmọ wo?

Bàbá Korede: Korede. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Òun ló ń bá mi di okùn iwájú mú.

Ìyá Tolú: Yé! Látìgbà yìí o ò sọ ọ́!

Ọmọ Ayétòrò: Ẹni tó lọ́kọ̀ oníbalùwẹ̀ tó wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ tìẹ, tó ń fi súkúdíráfà wá ibi tó jẹrà, o ní ó ń bú ẹ.

Bàbá Korede: Marínà ni mo wà báyìí. Mo ti tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, wọ́n ò bá mi wí rárá, wọ́n ní wọ́n ń bọ̀. Wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n fi ọwọ́ nu ìdí bóòtì kan, ìpẹtà ń yí dànù mọ́ wọn lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun. Thursday ni kírénì máa gbé ọkọ̀ sókè. Mo ti pe ìyàwó mi náà, ìyẹn ṣì ń pariwo. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò dáadáa ní agbègbè Gosport kó fi nọ́ńbà sí inbox mi, ẹ̀gbọ́n ní wọ́n á bá mi dúró níbẹ̀.