Orúnkún ń pa mí o, ẹ gbà mí

Ìyá Gaàrí, Òkè-Ajé
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Orúnkún méjèèjì ń dùn mí, iwájú itan ń ta mí. Láàárọ̀ ó sàn, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sán, mo ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́. Àbúrò ọkọ mi ní mo ń díbọ́n kí n má baà pọnmi. Lójúde Ọba tó kọjá, mo dá aṣọ, mo ra gèlè, àwọn regbẹ́rẹ́gbẹ́ mi ń jó lọ, èmi jókòó bí ẹrù. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ti gún sí orúnkún, kò ṣiṣẹ́. Kí ni kí n lò?

Ọmọ Ìpẹ́ru
Màmá, òróró àgbọn àti atalẹ̀. Òun ni ìyá mi fi pa á, tí wọ́n fi jó níbi ìkómọ mi.

Bàbá Ìbejì
Ẹ dín ẹ̀bà kù. Ara ti wúwo jù.

Ìyá Gaàrí
Ta ló sọ fún yín pé mo sanra?

Ọmọ Ìpẹ́ru
Bàbá Ìbejì, ẹ̀bà náà lẹ dá lẹ́bi nígbà tí ọ̀fun ń dun ẹnìkan níjọ́sí.

Físíò Ṣàgámù
Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti ṣe nǹkan sẹ́yìn yín rí?

Ìyá Gaàrí
Ẹ̀yìn kọ́ ló ń dùn mí. 2019 ni wọ́n ti fi irin de eegun mẹ́rin pọ̀ níbẹ̀, ó ti jinná. Orúnkún ni mo wí.

Físíò Ṣàgámù
Háà! Ẹni tó gún yín lábẹ́rẹ́ mọ̀?

Ìyá Gaàrí
Kò bi mí.

Físíò Ṣàgámù
Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ènìyàn máa ń tẹ̀ wọnú. Tí wọ́n bá dè é tó wá tẹ́ bíi pátákó, òkè ara á máa fà síwájú. Kí ènìyàn má baà ṣubú, ìdí á yí sẹ́yìn, orúnkún á ká, ọrùn á gbé orí sókè kí ojú lè wo iwájú. Tó bá di ọ̀sán, iṣan ti rẹ̀, ẹ ó tẹ̀. Bàbá Ìbejì, ẹ ká orúnkún yín díẹ̀, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì rí yín o, ṣùgbọ́n ẹ ya X-ray gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́, lórí ìdúró. Èyí tí wọ́n bá yà lórí ìdùbúlẹ̀ lè má fi í hàn.

Bàbá Ìbejì
Mo ṣe é. Itan mi ń gbọ̀n. Síbẹ̀, ẹ dín ẹ̀bà kù.

Ìyá Gaàrí
Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n tún là mí o.

Físíò Ṣàgámù
Ta ló dárúkọ lílà? Ṣé ẹsẹ̀ ń kú? Ìtọ̀ ńkọ́?

Ìyá Gaàrí
Ìtọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ òsì ló ń kú, bí oṣù méjì. Mo rò pé àpótí tí mo ń jókòó lé ni.

Físíò Ṣàgámù
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀la ni kí ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ yẹn.

Ìyá Gaàrí
Ọ̀la ọjà ni. Ọ̀túnla.