Ògiri ń sán níbi tí páìpù waya iná gbà: ṣé kí n tún un dí ni?

Onílé kan, Adó-Èkìtì:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ní ọdún tó kọjá, mo pe oníṣẹ́ iná kí ó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì kún ti pálọ̀ wa. Ó gbẹ́ ògiri láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó tẹ́ páìpù rọ́bà sí i, bíríkìlà tó bá a wá sì fi sìmẹ́ńtì dí i lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́ta kò pé tí ojú ibẹ̀ fi sán gbọọrọ, tí ó ń tẹ̀lé páìpù náà bọ̀ láti òkè. Mo fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ dí i, mo kùn ún lọ́dà. Ọyẹ́ dé, ó tún sán. Bí mo bá fi ẹ̀yìn ṣíbí kàn án, ó ń dún bí igbá òfìfo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èépá kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ já bọ́ sórí àga, mo sì rí i pé sìmẹ́ńtì tó bo páìpù náà kò nípọn ju kọ́bọ̀ kan lọ. Ìyàwó mi ní kí a fi kálẹ́ńdà bò ó. Kí ni kí n ṣe?

Bíríkìlà, Ìkéré-Èkìtì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ dí i mọ́. Ara páìpù rọ́bà ń dán, sìmẹ́ńtì kì í dì mọ́ ọn, nítorí náà ohun tó bò ó gbọ́dọ̀ nípọn tó mìlímítà 12, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí gbogbo ibi tó ń dún òfìfo, kí wọ́n gbẹ́ ẹ títí páìpù yóò fi wọ inú búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì fi ìṣó àti waya dè é mọ́lẹ̀ kí ó má baà ta jáde. Kí wọ́n rọra o, nítorí búlọ́ọ̀kù wa oníhò ni, bí òòlù bá lu ú já, iṣẹ́ di méjì. Kí wọ́n gbá eruku rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì wọ́n omi sí i títí ògiri yóò fi mu ún yó. Èyí ni mo fura pé ẹni àkọ́kọ́ fò, nítorí ògiri gbígbẹ a máa fa omi inú sìmẹ́ńtì tútù mu kí ó tó ráyè le. Ìwọ̀n sìmẹ́ńtì 1 sí yanrìn jíjọ̀ 4 ti tó. Àpọ̀jù sìmẹ́ńtì gan-an ló ń súnkì tó ń sán. Kí wọ́n dí i dé ojú búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n kan nẹ́ẹ̀tì onírin, irú èyí tí a fi ń ṣe ilé adìyẹ, kọjá páìpù sọ́tùn-ún sósì, kí wọ́n tó wá rẹ́ ẹ. Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan.

Oníṣẹ́ iná, Ìjerò-Èkìtì:
Kí òòlù tó kan ibẹ̀, ẹ pa iná láti bọ́ọ̀dù. Kí iná ìjọba má sí kò túmọ̀ sí pé ẹ ti pa á, nítorí ó lè dé nígbà tí ṣísẹ́lì ṣì wà lọ́wọ́ ẹni. Bí ẹ bá ní inverter, ẹ pa òun náà, kí ẹ sì fi tẹ́sítà wò ó. Bí ara waya bá ti bó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi téèpù wé e kí ẹ sì bò ó mọ́nú ògiri.

Ìyá kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì:
Ṣé POP kò lè ṣe é? Òun ni mo lò nínú yàrá mi, ó sì dúró.

Bíríkìlà, Ìkéré-Èkìtì:
Ó dára fún dídán ojú ògiri tó gbẹ, mà. Bí omi bá ń dé ibẹ̀, yóò rọ̀, yóò sì ṣí.

Onílé kan, Adó-Èkìtì:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ilé ìwẹ̀ wa ló wà lẹ́yìn ògiri yìí gan-an, a ó fi POP sílẹ̀. Mo ti ra nẹ́ẹ̀tì, oníṣẹ́ iná mìíràn sì ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti wo waya kí bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ kálẹ́ńdà kalẹ̀.