Ǹjẹ́ òfin gbà kí a gba ohùn ẹlòmíràn sílẹ̀ lórí fóònù?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹnì kan tí a jọ ń dòwò máa ń ṣèlérí lórí fóònù, tí ó bá sì di ọjọ́ kejì, yóò ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gba ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ láìsọ fún un, ṣé mo ti rú òfin?

Èsì kìn-ín-ní: Ibi tí ẹ wà ni yóò sọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1968 gbà fún ẹni tí ó wà nínú ìjíròrò, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti fẹ́ fi hùwà ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ní California, gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ àṣírí náà kàn ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Èsì kejì: Ní Jámánì, gbígba ọ̀rọ̀ àṣírí ẹlòmíràn sílẹ̀ láìgbàṣẹ lè fa ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 3.

Èsì kẹta: Ó dùn mí bí àwọn ènìyàn ṣe ń da ohun méjì pọ̀. Gbígba ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín ń sọ sílẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí fífi ẹ̀rọ tẹ́tí sí ìpè tí ẹ kò sí nínú rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ìwà ọ̀daràn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìbáà ṣe fóònù aya tàbí ọkọ ẹni. Ẹ kúkú kọ àdéhùn náà ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fèsì.